Ojú Irin, Ojú Kámẹ́rà: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà yín lórí yíya fọ́tò ọkọ̀ ojú irin àti ẹ̀rọ àtijọ́ ti pọ̀ débi pé a ya ojú ìwé yìí sọ́tọ̀ fún un lọ́tẹ̀ yìí. A gé àwọn tó gùn kúrú, a sì pa àwọn tó ń béèrè ohun kan náà pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ìgbà tí mo bá ya ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré, iwájú rẹ̀ máa ń fà bí yíǹkì tútù tí wọ́n fọwọ́ nù. Kámẹ́rà mi kì í ṣe ti ọmọdé. Ibo ni mo ti ń ṣì í?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀, torí inú rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ṣọ́tà yín, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ inú kámẹ́rà, bá ṣí fún 1/125 ìṣẹ́jú àáyá, ọkọ̀ náà á ti rin sẹ̀ǹtímítà 22 kí ṣọ́tà tó padé. Ní 1/500, ó di sẹ̀ǹtímítà márùn-ún àbọ̀. Ní 1/1000, kò pé mẹ́ta. Sẹ̀ǹtímítà wọ̀nyẹn ló ń di yíǹkì tí ẹ rí yẹn.

Eré ọkọ̀ nìkan kọ́ o. Ibi tí ẹ dúró sí náà lọ́wọ́ sí i. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán síhà ọ̀dọ̀ yín kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣípò nínú fọ́tò, ṣe ló kàn ń tóbi sí i. Èyí tó ń gba iwájú yín kọjá láti ọ̀tún sí òsì ló ń fà jù. Ẹ lo 1/500 fún èyí tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, 1/1000 fún èyí tí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń hàn pọ̀, àti 1/2000 fún èyí tó dábùú iwájú yín. Bí oòrùn bá ń ràn dáadáa, f/8 (ìwọ̀n ihò lẹ́ńsì ni f; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ihò náà ṣe ń fẹ̀ tó) pẹ̀lú ISO 400 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) tó fún 1/1000, ó tilẹ̀ tún ṣẹ́kù. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ ṣí lẹ́ńsì sí f/5.6 kí ẹ sì gbé ISO lọ sí 1600. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù ISO ju bó ṣe yẹ lọ. Fọ́tò tó ṣe wóró-wóró bí iyanrìn ṣì ṣeé tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Èyí tó ti fà, ó ti fà náà nìyẹn.

Ohun kejì tó máa ń bà á jẹ́ ni fókọ́ọ̀sì, ìyẹn ibi tí lẹ́ńsì ti ń mú kedere. Iná iwájú ọkọ̀ máa ń tan kámẹ́rà jẹ, á máa wá ibi tó máa dì mú títí ọkọ̀ á fi kọjá. Ẹ má jẹ́ kó wá nǹkan kan. Kí ọkọ̀ tó dé, ẹ yan ibi kan lójú irin tí ẹ fẹ́ kí iwájú rẹ̀ wà: ó lè jẹ́ òpó kan, tàbí ọ̀kan nínú àwọn ìdábùú abẹ́ irin. Ẹ gbé fókọ́ọ̀sì síbẹ̀, kí ẹ wá yí lẹ́ńsì kúrò lórí ìdáṣiṣẹ́ bọ́ sórí àfọwọ́yí. Láti ìgbà yẹn, ẹ má fọwọ́ kan súúmù mọ́, torí ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì ni fókọ́ọ̀sì wọn ń ṣípò bí ẹ bá sún un. Ẹ ya ọ̀kan dánwò, kí ẹ sún un tóbi lójú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà, kí ẹ rí i pé ìdábùú yẹn mú bí abẹ.

Tí ọkọ̀ bá wá ń bọ̀, ẹ má tètè tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà tó ń ya fọ́tò mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí àyè inú rẹ̀ gba RAW (fáìlì fọ́tò tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) ọgbọ̀n, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ló ní lọ́wọ́ kó tó kún. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lọ́nà jíjìn, ìgbà tí ọkọ̀ bá dé ibi tó yẹ gan-an ni kámẹ́rà rẹ̀ á dákẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó dé àmì ti tó. Ẹ sì fi àyè sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ nínú fọ́tò, torí láàárín fọ́tò kan sí èkejì, ọkọ̀ tó ń sáré bẹ́ẹ̀ á ti rin mítà mẹ́ta ó dín díẹ̀. Bí ẹ bá fún un pa, ọ̀kan á ti yá jù, èkejì á ti gé imú ọkọ̀ dànù.

ÌBÉÈRÈ: Fóònù ni mo ń lò. Ọkọ̀ tó dúró ṣánṣán lójú mi máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú fọ́tò bí ilé tó fẹ́ wó. Àkọlé oníná tó wà níwájú rẹ̀ náà kì í pé. Ìdajì lẹ́tà ló máa ń hàn. Ṣé fóònù mi ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Fóònù yín kò ṣe nǹkan kan. Kì í ka gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà-ìlà ló ń kà á, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó lè lo tó 1/30 ìṣẹ́jú àáyá kó tó kà á tán, àwọn míì sì yá jù bẹ́ẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rin mítà kan. Òkè ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ kà wà níbì kan, ìsàlẹ̀ tó kà gbẹ̀yìn ti lọ síwájú. Òun ló fi tẹ̀. Bí ẹ bá yá ṣọ́tà sí i, kò ní wò ó sàn, torí kíkà tó ń kà á ní ìlà-ìlà yẹn ni àrùn náà. Ohun tó ń wò ó ni pé kí ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ sì dúró síbi tí ọkọ̀ á ti máa bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kì í ṣe ibi tí á ti dábùú iwájú yín. Ẹ pa HDR àti ìyàwòrán alẹ́. Fóònù ń lẹ fọ́tò mélòó kan pọ̀ nínú àwọn méjèèjì yìí, ọkọ̀ á sì di olórí méjì. Ẹ tẹ ojú gíláàsì mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀ níbi tí ẹ fẹ́ kí fókọ́ọ̀sì wà títí yóò fi tì pa, kí ọkọ̀ tó yọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú, ìyà yìí lè jẹ yín náà bí ẹ bá fi í sórí ṣọ́tà tí kì í dún. Ẹ dá a padà sórí ṣọ́tà onírin.

Ní ti àkọlé oníná, àwọn gílóòbù kéékèèké inú rẹ̀ kì í tàn pa pọ̀. Wọ́n ń tàn, wọ́n ń kú, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, ojú wa ni kò lè bá wọn yá. Ṣọ́tà 1/1000 á ká ìlà díẹ̀ péré mọ́ ibi tó ti ń tàn. 1/100 tàbí 1/60 sábà máa ń gbé gbogbo lẹ́tà jáde. Ìyẹn sì lọ́ra jù fún ọkọ̀ tó ń sáré. Ẹni tó bá fẹ́ àkọlé, kó dúró de ọkọ̀ nígbà tó bá ń rọra wọ ibùdókọ̀, tàbí tó ti dúró pátápátá.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni wọ́n ṣe ń ya irú fọ́tò tí ọkọ̀ ti mọ́ kedere, tí igi àti koríko ẹ̀yìn rẹ̀ sì fà lọ bí afẹ́fẹ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ óò fi kámẹ́rà bá ọkọ̀ lọ ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 1/60 fún ọkọ̀ tó ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan. Tí ọwọ́ yín bá ti mọ́ ọn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 1/30. ISO á wà ní 100. Lọ́sàn-án gangan, f/16 lè má tó láti pa ìmọ́lẹ̀ kù; ẹ fi fílítà dúdú bo lẹ́ńsì.

Ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹ ti fẹ́ tẹ bọ́tìnì gan-an ni kí ẹ kọ ẹsẹ̀ méjèèjì sí, kí ẹ wá yí ìbàdí padà síbi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀. Bí ó ṣe ń bọ̀, ìbàdí yín á máa tú díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá fi máa dé iwájú yín, ara yín á ti tò, ọwọ́ yín á sì dúró. Ẹni tó kọ ẹsẹ̀ síbi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ máa ń lọ́ mọ́ra rẹ̀ nígbà tó bá yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì mọ́ ìhà. Ẹ mú ohun kan lára ọkọ̀, bíi nọ́ńbà rẹ̀ tàbí fèrèsé awakọ̀, kí ẹ má jẹ́ kó kúrò lójú ibi kan náà nínú fọ́tò. Ẹ rọra tẹ bọ́tìnì, kí ẹ má sì dúró bí ṣọ́tà bá ti dún. Ẹ máa bá a lọ. Ìdádúró òjijì yẹn ló ń ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́.

Bí lẹ́ńsì yín bá ní ohun tó ń dín gbígbọ̀n kù, ẹ wò ó bóyá ó ní ipò kejì, tó ń dá gbígbọ̀n òkè-sódò nìkan dúró. Òun ni ẹ fẹ́. Ipò kìn-ín-ní lè máa bá yín jà, á máa fà yín sẹ́yìn bí ẹ ṣe ń yí.

Ẹ má sún mọ́ ọn jù. Nítòsí, iwájú ọkọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ kì í rìn bákan náà lójú lẹ́ńsì, nítorí náà bí imú rẹ̀ bá mọ́, ìdí rẹ̀ á fà. Láti mítà 20 sí 30, pẹ̀lú lẹ́ńsì 85 mm sí 135 mm, ó máa ń gún régé. Kí ohun kan sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó lè fà: igi, ọgbà, ògiri. Ojú ọ̀run lásán kò ní ohun tó fẹ́ fà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá bá dára, ẹ ti ṣe dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Mo ya ọkọ̀ àtijọ́ tó ń fi oru omi ṣiṣẹ́. Nínú fọ́tò kan, èéfín rẹ̀ funfun báláú, kò ní ìlà kankan nínú. Nínú òmíràn, ara ọkọ̀ dúdú pátápátá, n kò rí wíìlì. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

ÌDÁHÙN: Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà gbà pé gbogbo ayé ló ní àwọ̀ eérú. Bí ọkọ̀ dúdú bá kún inú fọ́tò, á sọ ọ́ di eérú, èéfín funfun á sì jóná. Bí èéfín tàbí ojú ọ̀run bá pọ̀, á sọ ìyẹn náà di eérú, ọkọ̀ á wá di èédú. Iná iwájú tó kọ sí lẹ́ńsì tún burú jù: kámẹ́rà á rò pé ọ̀sán ti pọ̀ jù, á pa gbogbo rẹ̀ kù ní ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ nílò rẹ̀ gan-an.

Ẹ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dé, ẹ kọ lẹ́ńsì sí koríko tútù tí oòrùn kan náà ń ràn sí, kí ó kún inú fọ́tò. Ẹ gba ìwọ̀n tó bá fún yín, kí ẹ fi kámẹ́rà sórí M (àfọwọ́yí), kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Nígbà náà, dúdú á jẹ́ dúdú, funfun á jẹ́ funfun, iná iwájú á sì wí ti ẹnu rẹ̀ lásán. Bí ẹ bá mọ̀ pé èéfín á pọ̀, ẹ dín in kù díẹ̀ sí i, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpele ìmọ́lẹ̀ kan (stop), kí ẹ sì ya RAW. Ibi tó ṣókùnkùn ṣeé là lórí kọ̀ǹpútà. Funfun tó ti jóná kò ní nǹkan kan nínú mọ́.

Oru omi fúnra rẹ̀ kò ṣeé rí. Ìkùukùu funfun tí à ń yà, ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ ni, tó dì nígbà tí oru bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tútù. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń pọ̀ ní òwúrọ̀ tútù, tí ó sì máa ń pòórá ní ọ̀sán gbígbóná. Ọkọ̀ kan náà, ojú irin kan náà, agogo méje àárọ̀ àti agogo kan ọ̀sán kì í jọra rárá. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ìkùukùu náà, tí ẹ̀yin wà ní òdìkejì, gbogbo etí rẹ̀ á máa tàn. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó kọ sí yín á ṣókùnkùn, ẹ ní láti yan ọ̀kan.

Wíìlì tí ẹ kò rí yẹn, oòrùn ló fà á. Nígbà tó bá wà lókè orí, ara ọkọ̀ á ṣíji bo wíìlì. Nígbà tó bá ṣì wà nísàlẹ̀, ní àárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, á tàn wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ dúró kí oòrùn wà lẹ́yìn èjìká yín, kó ràn sí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tún máa ń wo ọ̀pá irin gígùn tó so àwọn wíìlì pọ̀: bí wọ́n bá ya ọ̀pọ̀ léraléra, èyí tí ọ̀pá náà ti wà nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń mú, torí nígbà náà ni àárín wíìlì hàn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, ti fẹ́ràn àṣà yìí. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni kí n sọ fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin òbí, ẹ̀rù yín tọ́. Ẹ sọ àwọn ohun wọ̀nyí fún un, kí ẹ sì ní kó sọ wọ́n padà fún yín.

Kò gbọdọ̀ dúró láàárín irin, kódà bí ojú irin náà bá rí bí èyí tí wọ́n ti pa tì. Ọkọ̀ ẹrù tó ń sáré 90 kìlómítà ní wákàtí kan lè rin ju kìlómítà kan àbọ̀ lọ lẹ́yìn tí awakọ̀ ti tẹ bíréèkì. Awakọ̀ á rí i, kò sì ní lè ṣe nǹkan kan. Ọkọ̀ sì máa ń fẹ̀ ju irin lọ: lórí ojú irin tó fẹ̀ ní mílímítà 1,435, ara ọkọ̀ sábà máa ń yọ bíi sẹ̀ǹtímítà 70 sóde ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ká má tíì sọ ti ilẹ̀kùn tó ṣí tàbí okùn tó tú. Lórí pèpéle ibùdókọ̀, ẹ̀yìn ìlà ni kó wà. Lẹ́ńsì gígùn tó na jáde náà ò gbọdọ̀ kọjá ìlà.

Ojú kámẹ́rà ń jẹ́ kéèyàn gbàgbé pé ayé wà lẹ́yìn òun. Níbi tí ojú irin bá ti jẹ́ méjì, ariwo ọkọ̀ tó ń yà lè bo ariwo èkejì tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ oníná kì í tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ pariwo kó tó déni lára. Kó máa lọ pẹ̀lú ẹnì kejì tí kò ní mú kámẹ́rà dání, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo ọ̀tún wo òsì.

Bí wáyà bá wà lókè ojú irin, iná tó wà nínú rẹ̀ lè tó vólìtì 25,000, ó sì lè fò láìjẹ́ pé nǹkan kàn án. Kó má gbé ọ̀pá, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí agboòrùn sókè nítòsí rẹ̀. Mítà mẹ́ta ni ó kéré jù. Kó má fi dróònù kankan fò lókè ojú irin. Kó má tan fíláàṣì sójú awakọ̀ láé. Àti pé ní ọ̀pọ̀ ibi, ojú tí wọ́n fi ń wo ààbò ìlú ni wọ́n fi ń wo rélùwéè: kó kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá ibùdókọ̀, kó gba àṣẹ. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní lẹ́ńsì 400 mm tó wúwo tó sì mú dáadáa. Lọ́sàn-án, fọ́tò ọkọ̀ tó wà lókèèrè máa ń rí bí ohun tó wà lábẹ́ omi.

ÌDÁHÙN: Afẹ́fẹ́ ni, kì í ṣe lẹ́ńsì. Òkúta àti irin ojú ọ̀nà ti gbóná, afẹ́fẹ́ tó ń gbéra lórí wọn ń tẹ ìmọ́lẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ẹ bá sì ṣe jìnnà tó ni ẹ ń wò gba inú rẹ̀ tó. Kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe sí i. Ẹ lọ ní àárọ̀, tàbí kí ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ lo 100 mm, tàbí kí ẹ gun afárá tó ga tí kò sí lórí ilẹ̀ gbígbóná yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni mo ti ń ya ẹ̀rọ àtijọ́. Òkùnkùn, gíláàsì, àti idẹ tó ń kọ mànà. Mo ra fílítà pólaráísà, ó mú dídán gíláàsì kúrò, kò ṣe nǹkan kan sí ti idẹ. Ṣé ayédèrú ni?

ÌDÁHÙN: Ojúlówó ni. Dídán tó ń ti ara gíláàsì, omi tàbí ọ̀dà wá ni fílítà yẹn lè gé, pàápàá bí ẹ bá fì lẹ́ńsì tó bíi dígírì 35 sí ojú gíláàsì. Dídán ara irin tí kò ní ọ̀dà lórí kì í gbọ́ tirẹ̀. Fílítà náà sì ń jẹ ìdajì ìmọ́lẹ̀ tàbí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, nítorí náà bí kò bá sí iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ yọ ọ́.

Idẹ dídán, dígí ni. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni ẹ ń yà, títí kan aṣọ funfun tí ẹ wọ̀. Ẹ wọ aṣọ dúdú. Ẹ ta aṣọ dúdú sápá kan, kí ẹ gbé páálí funfun kan sápá kejì, kí ẹ máa yí páálí náà títí tí ìlà ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo á fi tọ etí idẹ náà lọ. Ìlà yẹn ló máa sọ fún òǹwòran pé ohun yípo ni.

Àwo orúkọ tí lẹ́tà rẹ̀ ti jẹ tán ńkọ́? Ọ̀pọ̀ máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun ìní ẹlòmíì ni, ṣọ́ọ̀kì sì máa ń kù sínú ihò rẹ̀. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa họ ara àwo náà. Òjìji inú lẹ́tà á dìde, ẹ óò sì ka nọ́ńbà tí ojú lásán kò rí. Kí ẹ̀yìn kámẹ́rà dọ́gba pẹ̀lú àwo náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkè rẹ̀ á dín ju ìsàlẹ̀ lọ.

Fún odindi ẹ̀rọ nínú òkùnkùn, bí wọ́n bá gbà kí ẹ lo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta: ISO 100, f/8, ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì kun ẹ̀rọ náà bí ẹni ń kun ilé. Láti ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti tàn án, kì í ṣe láti ẹ̀yìn kámẹ́rà, kí tọ́ọ̀ṣì má dúró sójú kan, kí ojú rẹ̀ má sì kọ sí lẹ́ńsì. Bí wọn kò bá gbà, ẹ fara ti òpó, ẹ lo ISO 3200 àti 1/15, kí ẹ ya márùn-ún léraléra. Ọ̀kan á mú. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ dé f/22 pé ẹ fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ mọ́, torí ihò kékeré bẹ́ẹ̀ máa ń sọ fọ́tò di rírọ̀. Ẹ má sì fi lẹ́ńsì tó fẹ̀ jù sún mọ́ wíìlì ńlá, á yọ ikùn. Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ lo 35 sí 50 mm.

Níta, fún ẹ̀rọ tó dúró, ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú dára ju ọjọ́ oòrùn lọ. Bernd àti Hilla Becher, tọkọtaya ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé gogoro tí wọ́n ń tọ́jú omi sí àti ilé ìyọ́rin pa pọ̀ ní 1959, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró dè, wọ́n á sì kọjú sí ilé náà gbọnrangandan. Kò sí òjìji tó bo nǹkan kan. Gbogbo bóòtù ló hàn.

Ìkìlọ̀ kan: ohun rírọ̀ tó dà bí òwú tàbí ẹfun tó yí ara bọ́ílà àtijọ́ ká lè jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì, tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò nítorí fọ́tò. Ẹ má sì pààrọ̀ lẹ́ńsì nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀rọ tí mo yà ń ṣiṣẹ́, ó ń pariwo, fúláíwíìlì rẹ̀ ń yí. Nínú fọ́tò, ó dà bí ẹ̀rọ tó ti kú.

ÌDÁHÙN: Ṣọ́tà yín yá jù. Ẹ wá iye ìgbà tí wíìlì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi mẹ́fà sọ ọ́ di púpọ̀. Iye dígírì tó ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Èyí tó ń yí ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú ń yí dígírì 1,800 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ní 1/1000, kò pé dígírì méjì, ó dúró ni. Ní 1/90, ó tó 20. Ní 1/30, ó di 60. Bí wíìlì náà bá ní apá mẹ́fà, dígírì 60 ló wà láàárín apá kan sí èkejì, nítorí náà ní 1/30 gbogbo apá á pòórá di àwo kan. Ìdá mẹ́ta àlàfo yẹn ló dára jù lójú wa: apá ṣì hàn, ó sì hàn pé ó ń yí. Kámẹ́rà á wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì ri i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí lórí pákó tí ẹ̀rọ náà ń mì.

Lábẹ́ iná gígùn ilé iṣẹ́, tó ń ṣẹ́jú ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá bí iná bá jẹ́ 50 Hz, wíìlì tó ń sáré lè dà bí èyí tó dúró lójú yín gan-an, kì í ṣe nínú fọ́tò nìkan. Ẹ má nawọ́ sí i.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni ẹ ṣe ń kọ orúkọ sí fọ́tò? Tèmi ti tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, n kò mọ èwo lèwo.

ÌDÁHÙN: Ọjọ́ ni kó ṣáájú, ọdún níwájú, oṣù, ọjọ́, kí kọ̀ǹpútà lè tò wọ́n fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi tí ẹ ti yà á, nọ́ńbà orí ọkọ̀, àti ìhà tó ń lọ. Fún ọkọ̀ oníoru, ẹ fi iye wíìlì rẹ̀ kún un: 4-6-2 túmọ̀ sí wíìlì kéékèèké mẹ́rin níwájú, mẹ́fà tó ń fa ọkọ̀ láàárín, méjì lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì la sì kà pọ̀. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ wo agogo kámẹ́rà.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi fi àpótí fíìmù ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀. Ó ń rùn bíi fínígà.

ÌDÁHÙN: Fíìmù ásítéètì ló ń jẹra. Ásíìdì tó ń tú jáde ni ẹ ń gbọ́ òórùn rẹ̀, òun náà ló sì ń mú kí ìyókù yára jẹra. Ooru àti ọ̀rinrin ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ kó wọn kúrò nínú ike tàbí agolo tó dé pa, kí ẹ fi ìwé tí kò ní ásíìdì wé wọn, síbi tútù tó gbẹ. Èyí tó ń rùn, ẹ yà á kúrò lára èyí tí kò rùn. Bí ẹ bá rí èyí tó ti pẹ́ ṣáájú 1951, tí kò ní ọ̀rọ̀ SAFETY létí, ẹ ṣọ́ra: ó lè jẹ́ náítréètì, tí iná máa ń ràn kíákíá.

Láti ṣe ẹ̀dà wọn, ẹ gbé fíìmù lé pánẹ́ẹ̀lì oníná, kí ẹ fi lẹ́ńsì tó ń ya ohun kékeré kọ sí i láti òkè, ISO 100, f/8. Kí kámẹ́rà lè dọ́gba pẹ̀lú fíìmù, ẹ kọ́kọ́ gbé dígí pẹlẹbẹ sí ibi tí fíìmù á wà. Ẹ máa yí kámẹ́rà títí òjìji lẹ́ńsì á fi bọ́ sí àárín gbùngbùn fọ́tò. Ẹ mú dígí kúrò, ẹ tẹ́ fíìmù, ẹ pa iná iyàrá. Èyí tó ti ń ká kò ní lè tẹ́ pẹrẹsẹ fún ìgbà pípẹ́ mọ́, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yà.